Ẹní Tí Bàbá Gbé Lọ Sórí Òkè

Ọkùnrin kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún sùn sórí balcone, pèpéle tó yọ síta lára ilé, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní àjà kẹrin ilé kan ní Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Torino, nínú oṣù kìíní, nígbà tí yìnyín bo orí gbogbo ọkọ̀ tó wà ládùúgbò. Ẹnikẹ́ni kò lé e jáde nílé. Kò mutí, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà nínú yàrá, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, híítà sì ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì, tó gbé ẹní jáde, tó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo mọ ìtàn ẹní náà dáadáa, nítorí èmi ni mo bá a lọ rà á.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe ní Torino nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é dòní. Àárín àwọn ọdún 2010 ni. Ará Ṣakí ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí, Bàbá sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Padova ni wọ́n kọ́kọ́ gbé nígbà tí wọ́n dé Ítálì, kí iṣẹ́ tó gbé wọn wá sí ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá Nichelino, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyá, ìyàwó wọn, ti padà sílé ṣáájú, wọ́n ń gbé nínú ilé tí àwọn méjèèjì kọ́ sí Ṣakí. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ló kù pẹ̀lú Bàbá ní Barriera. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń gbé ní àjà kejì nínú ilé kan náà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gòkè lọ kí wọn.

Tí mo bá ń rántí ilé yẹn, imú mi ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Òórùn káńfọ̀ àti ti páálí tuntun ló gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn nígbà òtútù ọdún náà, nítorí Bàbá ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n ń lọ sílé pátápátá. Páálí gun orí páálí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù, wọ́n ti fi tẹ́ẹ̀pù di ẹnu wọn, wọ́n sì kọ Ṣakí sára gbogbo wọn gàdàgbà-gàdàgbà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa kó àwọn páálí náà láti Genova. Ọmọ wọn á máa dín ata nínú ilé ìdáná, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, òórùn ata á gun orí òórùn káńfọ̀, ojú mi á sì ti máa ṣomi kí n tó jókòó rárá. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀ lára aṣọ arúgbó kan nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ọkàn mi ń sáré lọ, mo sì lè gbàgbé ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀.

Bí o bá ti dé Torino rí, o mọ bí ó ṣe rí. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, kò sí òpópónà gígùn kan tí òkè kò dúró sí ìparí rẹ̀, tó funfun bí ìgbà tí wọ́n sá láfún sí i lórí. Bàbá ló kọ́kọ́ fi í wé láfún, láti ìgbà náà n kò sì rí i lọ́nà mìíràn mọ́. Ní Ṣakí tiwọn, orí àpáta ni àwọn obìnrin ti ń sá láfún, àpáta á funfun láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi ń dúró de bọ́ọ̀sì iṣẹ́ láàárọ̀, òkè funfun yẹn ni wọ́n ń kọjú sí, wọ́n ní àwọn sì máa ń kí i.

“Mo ti ń kí i láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí,” ni wọ́n sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, “kò tí ì dá mi lóhùn rí. Mi ò sì lè lọ báyìí. Àlejò tó mọ ẹ̀kọ́ ilé kì í yọ́ lọ láì dágbére fún onílé.”

Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àwọn sun orí òkè náà mọ́jú, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọkọ̀ òfurufú tó gbé wọn. Mo dábàá hòtẹ́ẹ̀lì, mo mọ ọ̀kan tó mọ́ tónítóní ní ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n ní ẹni tó bá sun hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ olóhòtẹ́ẹ̀lì ló sùn. Àgọ́ ni àwọn fẹ́ pa, kí ẹ̀yìn àwọn kan ilẹ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni wọ́n wá rán mi, ìyẹn ni pé kí n béèrè. Mo pe comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ti abúlé kékeré kan ní àfonífojì Susa. Ọkùnrin tó gbé fóònù sọ pé pápá kan wà lókè abúlé àwọn, tí èèyàn lè pàgọ́ sí bí oòrùn bá ti wọ̀, kí ó sì tú u bí oòrùn bá yọ. Kò gbọdọ̀ dá iná. Ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ pé oṣù kìíní la wà. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa.

Ọmọ wọn ni kò gbà. Ó ń dáhùn ní èdè Ítálì bí ó ti máa ń ṣe, Bàbá ń sọ Yorùbá, èmi sì jókòó láàárín bí ẹni tó ń wo eré bọ́ọ̀lù. Ó ní àyà Papà kì í ṣe àyà tí èèyàn ń gbé lọ sórí yìnyín, èéfín irin ti jẹ ẹ́ tó. Ó ní níbi iṣẹ́ òun, òun ti rí ohun tí òtútù òru kan ṣoṣo lè ṣe fún àgbàlagbà. Bàbá ní àwọn kì í ṣe arúgbó ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wọn ní wọn kò tí ì dà á ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn títí, Bàbá wá ní kí ó dán àwọn wò kó tó dájọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ṣíbí ìrobẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀kùn gíláàsì. Ó ní kí wọ́n lọ sun orí balcone. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀ láì wúkọ́, tí ẹ̀yìn wọn sì gbóná, kí wọ́n máa lọ sórí òkè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a má gbọ́ ọ̀rọ̀ òkè mọ́ nínú ilé náà. Ó rò pé ìyẹn á dẹ́rù bà wọ́n. Kàkà bẹ́ẹ̀, Bàbá dìde, wọ́n wá kóòtù wọn, wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ ra ẹní.

Ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta ohun eré ìdárayá la lọ. Ẹní àgọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní materassino níbí, kún ògiri kan láti òkè délẹ̀. Òmíràn fẹ́lẹ́, òmíràn nípọn, a rí èyí tí wọ́n ń ká, a sì rí èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. O mọ bí a ṣe ń ra fóòmù nílé wa. Èèyàn á fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, á wo bí ó ṣe nípọn tó, á wò ó bóyá ó dìde padà kíá, ó parí. Fóòmù tó bá ga ni fóòmù, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ bá ra irú rẹ̀ fún á rí i dájú pé àlejò wo inú yàrá. Bí Bàbá ṣe ṣe sí gbogbo ẹní tó wà lára ògiri náà nìyẹn. Èyí tó bá wù wọ́n, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á nà gbalaja lé e lórí tòun ti kóòtù, wọ́n á di ojú, àwọn oníbàárà á sì máa yà fún wọn bí ẹni ń yà fún ewúrẹ́ tó sùn sójú títì.

Ọmọbìnrin tó ń tajà bá wa níbẹ̀. Ó béèrè bóyá etí òkun la ń gbé e lọ ni àbí orí òkè. Mo ní orí òkè ni. Ó fi nọ́ńbà kékeré kan hàn wá tí wọ́n tẹ̀ sára àpò àwọn ẹní kan, ó ní nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ẹní ṣe lè dí òtútù ilẹ̀ tó, bí ó bá ṣe ga sí ni ó ṣe dára fún yìnyín sí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n wo nọ́ńbà náà, wọ́n wo ojú mi.

“Akọ̀ròyìn, ṣé orí nọ́ńbà ni mo fẹ́ sùn ni?”

Èyí tó nípọn jù lọ nínú ilé ìtajà náà ni wọ́n mú. Kò ní nọ́ńbà kankan lára, àwòrán àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́bàá òkun ló wà lára páálí rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí i tán nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún mi. Èmi náà fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó dìde padà kíá, mo sì yìn ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí balcone nígbà àkọ́kọ́, ẹnu àwọn tó rí i ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí n kò lè ṣe kí n má béèrè. Ìyá àgbà ará Ítálì tó ń gbé ní òdìkejì àgbàlá sọ fún mi pé òun rí ọkọ̀ ojú omi kan lórí balcone, ọkùnrin kan sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ tó fi ibora lé ibora, òun sì rò pé bóyá omíyalé ń bọ̀ tí wọn kò sọ fún àwọn ìyókù. Ará Mòrókò tó ń ṣe búrẹ́dì nísàlẹ̀, tó máa ń jáde lọ síṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ní òun gbójú sókè, òun kí Bàbá ní sálámà. “Ó dá mi lóhùn,” ló wí, “ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ni mò ń gbọ́.” Ní ti ọmọ wọn, ìró ilẹ̀kùn gíláàsì ló jí i. Ó bá Bàbá nídìí híítà tí wọ́n fi ẹ̀yìn tì í bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Ó ní ibora tó wà lórí wọn gbóná, àyà wọn gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn tutù bí ẹja inú fírísà. Kò bínú, kò sì yọ̀ wọ́n. Ó kàn po tíì fún wọn. “Basta, Papà,” ló sọ. Ó tó gẹ́ẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo gòkè lọ láàárọ̀ náà, Bàbá jókòó ti ẹní ńlá yẹn, atẹ́gùn rẹ̀ ti jò tán, ó tẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀ wọn.

“Akọ̀ròyìn, gbọ́ mi,” ni wọ́n wí. “Òtútù ìlú yìí kì í já bọ́ látòkè o. Inú ilẹ̀ ló ti ń hù.”

Mo ti ronú sí gbólóhùn yẹn ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn pàtàkì ti sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mi lọ. Ta ni nínú wa tí kò sùn sílẹ̀ rí? Ilé ìyá mi àgbà ni èmi ti kọ́ ọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí yàrá kò ṣeé wọ̀, wọ́n á da omi sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á wá tẹ́ ẹní lé e. Bí ẹ̀yìn rẹ bá kàn án báyìí, ìtura á gun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọrùn. Ìwọ á gbọ́ òórùn sìmẹ́ǹtì tútù, ìyá àgbà á máa fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn, bí o bá sì jí láàárọ̀, ipa ẹní á ti tò sára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀yìn wa ni ilẹ̀. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa sísùn sílẹ̀, ìmọ̀ ẹni tó ń sá fún ooru ni. Nítorí náà ni Bàbá ṣe kó gbogbo ibora bo orí, tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ilẹ̀ bí ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ fún aládùúgbò tó mọ̀. Atẹ́gùn inú ẹní náà ti mu òtútù yó. Orí òtútù tó nípọn ni Bàbá sùn mọ́.

A padà lọ sí ilé ìtajà náà, lọ́tẹ̀ yìí nọ́ńbà la kọ́kọ́ wò. A ra méjì, tiwọn àti tèmi, pẹ̀lú àgọ́ kan àti àpò ìsùn tí èèyàn ń wọ inú rẹ̀ sùn. Ẹní náà fẹ́lẹ́, ó sì le díẹ̀. Bàbá ká a, wọ́n tú u, wọ́n ní sílípáàsì lásán ni wọ́n ní kí àwọn máa sùn lé yìí. Ṣùgbọ́n rírà kọ́ ló ṣòro mọ́. Ọmọ wọn ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yí. Ó ní àwọn ti ṣàdéhùn, Papà ti kùnà, ó parí. Ọkọ̀ òfurufú ti sún mọ́lé. Àwọn àárọ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́ kedere, òkè sì dúró gedegbe ní ìparí òpópónà, ó ń dán. Èmi àti Bàbá jọ máa ń rìn lọ sí ibùdókọ̀ nígbà náà. Mo kíyè sí i pé bí a bá ti yọ sí igun ibi tí a ti ń rí i, wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, sí ara ògiri, bí ẹni tó jẹ gbèsè tó pàdé olówó. Wọn kò kí i mọ́. Ọmọ wọn náà ti kíyè sí i. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni ó ti máa ń wò wá lọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo gòkè lọ tí mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó ti gé tẹ́ẹ̀pù ọ̀kan nínú àwọn páálí tí wọ́n ti dì tán, ó ń kó aṣọ jáde. Òórùn káńfọ̀ gbalẹ̀. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń bi í pé kí ló ń wá. Nígbà tó yá, ó fa awọ àgbò kan jáde.

Mo mọ awọ náà. Ti àgbò Iléyá àkọ́kọ́ tí Bàbá pa ní Ítálì ni, ní oko àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Padova. Bí bàbá tiwọn ti máa ń ṣe ní Ṣakí ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ha ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n fi iyọ̀ ra á, wọ́n kàn án mọ́ pákó kó lè gbẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun láti ìgbà náà. Wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àgbò ilé wa kì í ní irun tó báyìí, irun tiwọn wálẹ̀ mọ́ ara ni. Àgbò ìlú yìí wọ kóòtù. Ọwọ́ mi rì sínú irun rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

Ọmọ wọn gbé awọ náà lé orókùn. Yorùbá ló sọ, èyí tí n kì í sábà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò.

“Nígbà tí mo kéré, orí ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí nínú ilé ìdáná. Ẹ máa ń ní kí n dìde, kí ẹ lè kírun. Mi ò fẹ́ dìde. Ilẹ̀ ò tutù níbẹ̀.”

Bàbá ní àwọn ti di páálí yẹn tán. Ó ní òun ti tú u.

Ní ìgbà kejì, ẹní fẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sórí balcone, wọ́n tẹ́ awọ àgbò lé e, irun sókè, wọ́n wá tẹ́ àpò ìsùn lé awọ. Ìyá àgbà òdìkejì ní òun kò rí ọkọ̀ ojú omi lọ́tẹ̀ yìí, òun sì ti ń ṣàníyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, bí ọmọ wọn ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ilẹ̀ ti ń mọ́, kò sì gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ó jáde lọ bá wọn. Bàbá kò mira. Yìnyín wẹ́wẹ́ ti dì mọ́ ẹnu àpò ìsùn níbi tí èémí wọn ń gbà jáde.

“Mo ki ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn wọn, Zio,” ló wí fún mi, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá níbí, “bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn arúgbó mi níbi iṣẹ́, láti mọ̀. Ó gbóná bí búrẹ́dì.”

Kò yọ ọwọ́ náà. Ó jókòó sórí bíríkì tútù náà nínú aṣọ ìsùn, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, títí wọ́n fi jí tí wọ́n bi í bóyá àsùbáà ti kọjá. Kò tí ì kọjá. Wọn kò wúkọ́. Ó wá ní, “E vai, Papà.” Kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó ń sọ fún mi, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i sí etí ara rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òkè nìkan ló yọ̀ǹda fún wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń di páálí nínú ilé náà, kò tí ì sọ ọ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. A wọ rélùwéè láti Porta Nuova, a wọ bọ́ọ̀sì, a fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù, èmi gbé àgọ́, Bàbá sì gbé awọ àgbò wọn lẹ́yìn bí ìyá tó pọn ọmọ. Nígbà tí a dé pápá náà, wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n dojú kọ òkè. “Onílé, ẹ kú ilé o,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dúró bí èèyàn ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìró kankan. Wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n ní kò burú, àwọn onílé mìíràn máa ń pẹ́ jáde. Nínú àgọ́, ẹní tèmi dí òtútù mọ́ mi dáadáa, nọ́ńbà rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n eegun ìbàdí mi mọ gbogbo òkúta tó wà lábẹ́ yìnyín náà. Bàbá ti ń hanrun kí n tó rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí.

Láàárọ̀, wọ́n tẹ́ awọ náà sórí yìnyín, wọ́n kírun. Ṣóńṣó òkè ti pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, gbogbo ìsàlẹ̀ sì ṣì dúdú. Wọ́n ti ṣe sálámà tán, wọ́n ṣì jókòó, nígbà tí ìró kan dún láti ọ̀nà jíjìn. Yìnyín ló já kúrò lára àpáta níbì kan tí a kò rí. Ó dún rọra, bí àgbà tó ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Bàbá gbójú sókè. “Ó dáhùn,” ni wọ́n wí.

Oòrùn yọ, a tú àgọ́ bí comune ṣe wí.

Nígbà tí wọ́n máa di páálí tí ọmọ wọn tú, Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n dá awọ náà padà sínú rẹ̀. Wọ́n ní ilé ìdáná ni awọ wà tẹ́lẹ̀, kí ó máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àwọn. Ẹní fẹ́lẹ́ tiwọn ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀, ó sì bá wọn dé Ṣakí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé, ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn mí. Wọ́n ní sílípáàsì tí a rà fún àwọn kò jẹ́ kí ìtura ilẹ̀ dé ara àwọn, ó ń dí i mọ́ àwọn. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lásán ni àwọn wá ń sùn lé báyìí, àwọn sì ká ẹní náà ṣe ìrọ̀rí. Mo ní kí wọ́n jù ú nù. Wọ́n ní rárá o, òórùn ibẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọdún bá ti ń parí lọ, bí ooru ọ̀sán bá pa wọ́n tán, wọ́n á pè. Wọn kì í béèrè iṣẹ́ mi, wọn kì í béèrè ìlera mi kí wọ́n tó béèrè èyí: “Akọ̀ròyìn, ṣé ó ti funfun?” Mo máa ń gbé fóònù lọ síta, mo máa ń rìn dé igun òpópónà kí n lè fi ojú ara mi rí i kí n tó dáhùn, nítorí n kì í ròyìn ohun tí n kò rí. Màá ní ó ti funfun dé àyà. Wọ́n á mí kanlẹ̀. Èmi tí mo dúró sínú òtútù yẹn, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ìyá mi àgbà ni ẹ̀yìn mi ń wá. Bàbá tí ẹ̀yìn tiwọn wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, yìnyín ni ojú wọn ń wá. A ó wà bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù lórí ilẹ̀ tí ẹnì kejì ń fẹ́, títí káàdì á fi tán.

Nígbà òtútù kan wọn kò pè. Ará Ṣakí kan tó ń ta oúnjẹ ní Bologna ló kọ́kọ́ gbọ́ pé Bàbá ti dolóògbé. Wọ́n ti sin Bàbá lọ́jọ́ kan náà bí ẹ̀sìn ti wí, ọmọ wọn kò sì lè bá a. Nígbà tí mo gòkè lọ kí i, ó ti tẹ́ awọ náà sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó jókòó lé e, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù. Kò dìde, n kò sì ní kó dìde.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìtàn bí a ṣe ra ẹní tí kò dára, tí a sì ra èyí tó dára, ni ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe máa ń sọ ọ́ láti pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Nílé, à ń tẹ́ ẹní kí ilẹ̀ lè mọ̀ wá lára. Níbí, à ń tẹ́ ẹ kí ilẹ̀ má baà pa wá kí ó tó mọ̀ wá. Ohun tí Bàbá ń wá lára gbogbo ògiri yẹn ni ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn, títí onílé á fi wúkọ́. Ilé ìtajà kò ní in. Inú páálí tí wọ́n ti dì láti gbé lọ ló wà, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n lọ ló sì bá wọn tú u.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ wọn sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ lọ sórí òkè yẹn, òun fẹ́ sùn níbi tí Papà sùn, kí n bá òun pe comune. Mo pè. Obìnrin ló gbé fóònù báyìí. Ó ní wọ́n ti ti pápá náà pa ní ọdún yìí nítorí páìpù omi tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí yìnyín tó ń bọ̀ bá ti le tán, wọ́n á ṣí i padà. Òfin kò yí, kí a pàgọ́ bí oòrùn bá wọ̀, kí a tú u bí ó bá yọ, kí a má dá iná. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí a rí i pé a ní ohun gidi tí a máa tẹ́ sábẹ́, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ju bí ojú ṣe ń rí i lọ.

Mo ní a ní in.